Àpótí Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n ti ibi ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ń lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n mi sọ sítápílà lù mí níwájú orí. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo yọ wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò lára kọ̀ǹpútà tirẹ̀, mo sì kì í bọ tèmi. Irin náà là mí lókè ojú, ẹ̀jẹ̀ sì ya wọnú ojú mi. Èmi náà ò dúró wo ẹ̀jẹ̀. Mo bẹ́ mọ́ ọn, mo gé e jẹ lápá, mi ò sì tú eyín mi sílẹ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi da omi tútù lé wa lórí bí ẹni ń la ajá méjì níjà.

Ìyá kan náà ló bí wa o. Ọdún mẹ́fà ló fi jù mí lọ. Àrá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ó máa ń sán láìsí òjò.

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé náà sílẹ̀, èmi ni mo ń bá a ṣe é. Yàrá méjì ni. Àwọn oníbàárà ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní yàrá iwájú. Yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ agéwé wà, ọ̀bẹ rẹ̀ gùn tó apá àgbàlagbà. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta la ní, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì péré. Ọ̀kan ń tẹ aláwọ̀. Èkejì tó ń tẹ dúdú nìkan là ń pè ní Ajá, torí ó máa ń gbó kí ó tó pọ ìwé jáde. Wáyà USB ló so ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ nǹkan, àfi kó yọ ti ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Wáyà yẹn ni iná tó wà láṣọ tiwa.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àpótí náà. Ó ń fi owú nu ojú mi lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Ó ní, "Akọ̀wé mi, wọ́n ní àpótí kékeré kan wà tí wọ́n máa ń ki wáyà púríńtà bọ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà á máa bá púríńtà sọ̀rọ̀ láti orí afẹ́fẹ́, bí fóònù ṣe ń gba Wáífáì. Ẹ lọ wá a rí kí ẹ tó para yín sí mi lọ́rùn."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ojú eyín mi lára apá rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lọ yàn án. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Èyí tó o bá mú wá la máa lò."

Ohun tí kò mọ̀ ni pé mo ti ń múra àtilọ. Mo ti bá onílé sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, mo ti gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù wa gan-an, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Inú bàtà ni mo ń fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà pa mọ́ sí. Mo fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ níbẹ̀, kí n sì fa oníbàárà wa tó tóbi jù lọ lọ́wọ́ gòkè, ìyẹn Màmá Oníléèwé, tí ìwé ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń bọ́ gbogbo wa. Lápútọ́ọ̀pù kan ni mo ní. Mi ò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Èrò mi ni pé títí n ó fi rí tèmi, màá máa jókòó sókè, màá máa fi ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀wé láti orí afẹ́fẹ́.

Èrò burúkú yìí ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àpótí.

Bàbá kan tó fi okùn so awò ojú mọ́ ọrùn ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n là ń pè é. Ó to àpótí mẹ́ta sórí gíláàsì níwájú mi, kò sí èyí tó ju páálí sìgá lọ.

"Èyí àkọ́kọ́, púríńtà kan ló ń gbà. Ẹ̀yin ní méjì, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí ẹ̀kejì ń gba méjì, ṣùgbọ́n láìsí pásíwọ́ọ̀dù, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó tún máa ń kọ orúkọ ẹni tó tẹ nǹkan sílẹ̀, àti àkókò tó tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ẹ̀kẹta náà ń gba méjì. Òun lè wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá ti wà nítòsí, kódà kó wà lókè àjà, iṣẹ́ rẹ̀ á wọlé."

"Kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni?"

"Kò ní kọ ọ́. Àmọ́ kì í gbàgbé nǹkan. Bí ìwé bá tán, bí iná bá lọ, á gbé iṣẹ́ yín sínú títí ìwé á fi dé. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ jáde, bí ìlà níwájú báńkì." Ó wá wò mí látòkè awò rẹ̀. "Kí lẹ̀ ń tẹ̀ gan-an?"

"Ìwé ìdánwò ni."

"Ẹ̀kejì ni kí ẹ mú, bọ̀ọ̀dá."

"Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́, bàbá."

Kí n má purọ́ fún yín, láti ìgbà tó ti sọ "lókè àjà" ni etí mi ti di. Gbogbo ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn ni mo tó rántí rẹ̀.

Mo gbé àpótí délé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òun ló dára jù." Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó gbé e sórí pẹpẹ lókè Ajá, ó sì fi àtàǹpàkò kan ojú ọgbẹ́ tó wà níwájú orí mi. "Ó ti ń jiná," ló wí. Bí Àrá ṣe ń bẹ èèyàn nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a ò fi na ara wa. Ìyàwó rẹ̀ ń rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó jẹ ẹ̀bùn. Èmi sì ń gun òkè lọ ń dán ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi wò, bí àwọn méjèèjì bá ti jáde. Màá tẹ̀ ẹ́ lókè, Ajá á gbó nísàlẹ̀, inú mi á dùn ṣìnkìn.

Ó wá ku Màmá Oníléèwé. Obìnrin tín-ín-rín kan ni, tí kì í jókòó, tí kì í rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ń bínú jù, mo fi ojú àpá mi hàn án.

Ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Àmọ́ ìbínú rẹ̀ kọ́ ló ń tẹ ìwé mi. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Kí ni mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe?"

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n dìde máa lọ. Ẹnu mi ló là kí n tó mọ̀.

"Màmá, ó ń tú ìbéèrè ìdánwò yín fún àwọn òbí."

Ojú rẹ̀ yí padà. Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó lè fi àga fọ́ èèyàn lórí, òun kan náà ló máa ń jókòó dáná sun gbogbo ìwé ìdánwò tó bá bàjẹ́, tí yóò dúró tì í títí yóò fi di eérú.

Màmá ní, "Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ba èèyàn jẹ́. Kọ ọ́ sínú ìwé, kí o fọwọ́ sí i, kí n lè fi han ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ mi. Mò ń bọ̀ wá kó ìwé ìdánwò ní Mọ́ńdè. Kí o ti fi lé mi lọ́wọ́ kí n tó kúrò."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ lọ kí àwọn àna. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gòkè. Mo kọ lẹ́tà náà: pé èmi àbúrò rẹ̀ fi ojú ara mi rí i, pé ó ń ta ìbéèrè, pé ilé ẹ̀kọ́ tó bá fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ti bàjẹ́. Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò gbọ́ kí Ajá gbó.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, kò sí ohun tó jáde. Mo gòkè, mo tún un tẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, òfo. Mo tún gòkè, mo tẹ̀ ẹ́ nígbà kẹta, mo fi ìbínú gbá a bí ẹni ń gbá ọmọ létí. Ìgbà tí mo tún sọ̀ kalẹ̀ ni mo tó fa àwo ìwé Ajá jáde. Kò sí tákàdá kan ṣoṣo níbẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ìdì ìwé tuntun wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí à ń lo wáyà, bí o bá ti pa kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ tó kù nínú rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ọdún mẹ́jọ la fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti mọ́ wa lára. Mo gòkè, mo pa lápútọ́ọ̀pù dé, mo ní lẹ́tà ti kú, màá fi ọwọ́ kọ òmíràn ní Mọ́ńdè. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ Àìkú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́ta.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́tà tí mo fọwọ́ kọ wà lápò mi. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí kọ̀ǹpútà iwájú. Ó ń rẹ́rìn-ín, ohun tí kò wọ́pọ̀. Ó ní, "Dúró síbẹ̀. Mo fẹ́ kó o rí nǹkan kan." Ó tẹ kọ̀ǹpútà, iná pupa ṣẹ́jú lára Ajá. "Ìwé ti tán," ló wí, ó sì lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá Oníléèwé wọlé ní àkókò yẹn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ki ìwé sínú Ajá. Ajá gbó.

Ìwé àkọ́kọ́ jáde. Ó mú un pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó ń kà á, ẹ̀rín náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti gbàgbé láti mú un kúrò. Ìkejì jáde, ó mú òun náà. Ìkẹta ò tíì jáde tán tó fi fà á. Ìwé ya sí méjì, ìdajì há sí Ajá lọ́fun, ẹ̀rọ dákẹ́.

Mo fọwọ́ bo lẹ́tà tó wà lápò mi.

"Ta ló kọ èyí?" Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá.

Màmá gba ẹ̀dà kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó wá kọjú sí mi. "Lẹ́tà tí mo ní kó o kọ nìyí. Wàyí o, ojú rẹ̀ nìyí, ojú rẹ nìyí. Ṣé òótọ́ ni?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Akọ̀wé mi, ẹ sọ pé ẹ̀yin kọ́."

"Wọ́n bi ọ́ léèrè," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Irọ́ ni," mo wí. "Àmọ́..."

Kò dúró gbọ́ àmọ́. Ó gbé àpótí ìjókòó, ó fi là mí lẹ́yìn, igi rẹ̀ fọ́ sí mi lára. Mo ṣubú lu tábìlì, eyín iwájú mi méjì bọ́ sílẹ̀ bí àgbàdo. Mo fa kíbọ́ọ̀dù yọ, mo fi gbá a lójú, bọ́tìnnì rẹ̀ fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Màmá sá jáde. Ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lọ́rùn mú, ó wọ́ mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn, èjìká mi ń gbá ògiri, ó ń fẹsẹ̀ ta mí níkùn. Àpótí tí mo yàn já bọ́ láti orí pẹpẹ, iná rẹ̀ kú. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi fi ìgúnpá gbá a dànù.

Ó tẹ orí mi mọ́ tábìlì ẹ̀rọ agéwé. "Èmi? Èmi ta ìbéèrè?" Ó ń gbé orí mi sókè, ó ń gbá a mọ́ irin. "Èmi tí mo tọ́ ọ?" Ọwọ́ òsì ló fi di ọrùn mi mú. Ọ̀tún rẹ̀ ló tẹ́ sórí tábìlì, tó fi gbé ara ró. Abẹ́ ọ̀bẹ gan-an ló tẹ́ ẹ sí. Apá tí a fi ń fa ọ̀bẹ náà wálẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi.

Ibí yìí ni mo ti purọ́ fún gbogbo ará ilé wa. Mo ní nígbà tí mo ń jà ràpàràpà, ọwọ́ mi ṣèèṣì fà á. Kò ṣèèṣì. Mo rí ọwọ́ rẹ̀. Mo rí òrùka ìgbéyàwó ìyá wa lára ìka rẹ̀ kékeré. Mo fi gbogbo agbára mi fa ọ̀bẹ wálẹ̀.

Bó ṣe máa ń dún tí a bá ń gé ìdì káàdì, bẹ́ẹ̀ náà ló dún.

Ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e ló lọ. Ẹ̀jẹ̀ fọ́n sí ògiri, ó fọ́n sí mi lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí. Gbogbo ìbínú kúrò lójú rẹ̀, ojú ẹ̀gbọ́n nìkan ló kù.

"Kí lo ṣe yìí?" Ohùn tó fi bi mí nígbà tí mo fọ́ àwo ìyá wa ní kékeré ni.

Ìyàwó rẹ̀ bọ́ ìborùn, ó fi di ọwọ́ náà. Ní ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá kan dé pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú, ó ṣì dáhùn.

"Ẹ̀rọ ló gé mi. Ọwọ́ mi ló yọ̀."

Ọlọ́pàá tọ́ka sí ẹnu mi. "Eyín eléyìí ńkọ́?"

"Ó ṣubú níbi tó ti ń sáré wá gbé mi."

Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Oṣù mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì. Màmá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Mi ò lè wọ yàrá òkè. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò pè mí ní Akọ̀wé mọ́. "Ìwọ" lásán ló ń pè mí, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn mí ju àpótí ìjókòó lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó ju kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lù mí láyà. Ó ní, "Ìwọ, lọ fọ ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ṣì wà nílẹ̀."

Mo fọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ, ọ̀bẹ ni mo fi ń ha á. Mo rí àpótí náà lábẹ́ tábìlì, mo gbé e padà sórí pẹpẹ, mo kì í bọ iná kí n lè mọ̀ bóyá ó ti kú. Mo yọ ìdajì ìwé tó há sí Ajá lọ́fun. Mo ki ìwé tuntun sí i.

Ajá gbó.

Ẹ̀dà kẹta lẹ́tà mi ló jáde, odidi, pẹ̀lú orúkọ mi fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ nísàlẹ̀. Mo nawọ́ kí n yọ wáyà. Ajá tún gbó. Ìwé kan tẹ̀ lé e, kì í ṣe tèmi.

Ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ni, èyí tó ní kí n dúró wò. Ẹ̀yìn irọ́ mi ló tò sí láti ìgbà náà. Onílé ló kọ ọ́ sí.

"Ẹ jọ̀wọ́, láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ kọ orúkọ àbúrò mi mọ́ tèmi sínú ìwé ṣọ́ọ̀bù. Ó ti di ti àwa méjèèjì. Mo sì fẹ́ gba yàrá òkè fún un, kó lè ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀, kí n má bàa fi ìbínú mi pa á lọ́jọ́ kan. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ti gba yàrá náà. Ẹ bá mi bẹ ẹni náà."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Mo mú ìwé náà lọ bá a nílé. Ó kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Mo ti gbàgbé eléyìí," ló wí. Ó dìde. "Jẹ́ ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Yàrá ẹ̀yìn ló lọ tààrà. Ó gbé ọ̀bẹ ẹ̀rọ agéwé sókè, ọwọ́ òsì ló fi dì í mú.

"Gbé ọwọ́ rẹ síbẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi síbẹ̀. Mi ò bẹ̀bẹ̀.

"Sọ ọ́."

"Kí ni kí n sọ, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo purọ́ fún ọlọ́pàá. Mo purọ́ fún dókítà. Kò tíì sí ẹni tó sọ òótọ́ fún èmi."

"Mo rí ọwọ́ yín," mo wí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ fà á ni."

Ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó le. Irin tútù bà mí níka, ó wọlé díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan sì yọ. Ó dúró síbẹ̀, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e sókè.

"Gbé ọwọ́ kúrò," ló wí. "Lọ mú ìwé wá, iṣẹ́ ń dúró."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra irú àpótí bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ ti ẹni tó ń tà á. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ fi ibi san oore ọmọ ìyá yín, ẹ wo ẹnu mi tí eyín ò sí.

Àpótí ẹ̀kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n mú la ń lò báyìí, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló lọ yàn án. Òun nìkan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ tẹ ewé ìwé kan ṣoṣo, àfi kí n dìde, kí n lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n yíjú sí ògiri. Ìka mẹ́ta ló fi ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù náà. Ó máa ń pẹ́, mo sì máa ń dúró.